Mo fẹ́ kó ọ̀rẹ́ jọ wá tọ́ wáìnì wò nílé mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àǹtí Akóbọ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìbàdàn ni mo wà. Ní Àbámẹ́ta tó máa parí oṣù yìí, mo fẹ́ pe ọ̀rẹ́ méje wá sílé kí a jọ tọ́ wáìnì wò. Kì í ṣe òde o. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí DJ, kò sí ìrẹsì nínú kúlà. A kàn fẹ́ jókòó, kí a ṣí ìgò bíi márùn-ún, kí kálukú máa sọ ohun tó bá níbẹ̀. Mo ti rí i lórí fóònù bí àwọn kan ṣe ń ṣe é: wọ́n á ní tòní, ti Faransé nìkan ni, tòní, pupa nìkan ni. Èmi náà fẹ́ kí tèmi ní kókó kan tí gbogbo rẹ̀ á so mọ́, kó má jẹ́ pé a kàn ń mutí káàkiri.

Ibi tó ti há mi nìyí. Mẹ́ta nínú wọn gbà pé ohun dídùn inú páálí tí wọ́n ń pín níbi ìkómọ ni wáìnì. Ọ̀kan jẹ́ Mùsùlùmí, kì í fẹnu kan ọtí, ṣùgbọ́n ó ti búra pé òun ò ní jókòó sílé. Ọ̀kan lóyún oṣù márùn-ún. Iná mọ̀nàmọ́ná, ẹ mọ ìwà ẹ̀. Oúnjẹ tí mo sì mọ̀ ọ́n sè jù, ata ló ń ṣáájú níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ará Leeds

Ẹ kú ìmúra, àǹtí. Ọ̀rọ̀ kókó yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, òun ló máa sọ ohun tí ẹ máa rà. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi níbí ti ṣe é tó ìgbà mẹ́fà. Nígbà àkọ́kọ́, a ní kí kálukú gbé ìgò kan wá, kí owó rẹ̀ má ju pọ́n-ùn mẹ́wàá lọ. Kò sẹ́ni tó bi ẹnì kejì rẹ̀ léèrè ohun tó fẹ́ gbé. Àwa mẹ́fà la wá. Ìgò mẹ́rin nínú mẹ́fà jẹ́ Malbec, wáìnì pupa ti Ajẹntínà, méjì nínú mẹ́rin náà sì jọra bí ìbejì, orúkọ kan náà, ọdún kan náà. A jókòó, à ń wo ara wa. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ni ilé ló ń ra gbogbo rẹ̀, àwa yòókù á dá owó.

A ti fi àjàrà kan láti ilẹ̀ mẹ́ta ṣe kókó rí: Shiraz ti Gúúsù Áfríkà, ti Ọsirélíà, àti ti àfonífojì odò Rhône ní Faransé, tí wọ́n ń pè ní Syrah lọ́hùn-ún. A ti ṣe ilẹ̀ kan, àjàrà oríṣiríṣi. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni "ọ̀pọ̀ kojú ọ̀wọ́n", tí a ó fi èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀ sáàárín àwọn olówó gọbọi láìjẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ bo ìgò fún ìyẹn. Ìbọ̀sẹ̀ ni àwa ń fi bò ó (èyí tó mọ́ o!), a ó sì fi pépà kọ nọ́ńbà sí i lọ́rùn.

Ẹ má fojú kéré bíbo ìgò. Ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 1976, Steven Spurrier, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ta wáìnì ní Paris, kó àwọn onídàájọ́ ọmọ Faransé jọ, ó po wáìnì Kalifóníà mọ́ ti Faransé níwájú wọn, kò sì jẹ́ kí wọ́n mọ èwo lèwo. Ẹnu àwọn Faransé fúnra wọn ni wọ́n fi gbé ti Kalifóníà sípò kìíní: Stag's Leap Wine Cellars ti ọdún 1973 nínú pupa, Chateau Montelena ti ọdún 1973 nínú funfun. Àwọn tí iṣẹ́ wọn nìyẹn o.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù

Ọkọ mi ló ni ṣọ́ọ̀bù wáìnì kan ní Èkó, èmi ni mo ń jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dín wàhálà kù: ẹ mú Gúúsù Áfríkà. Òun ló pọ̀ lọ́jà wa, owó rẹ̀ kò gani lára bíi ti Faransé, ẹ sì máa rí funfun àti pupa láti ilẹ̀ kan náà. Bí ẹ ṣe máa mu ún tẹ̀ léra nìyí: Sauvignon Blanc, Chenin Blanc (funfun ni méjèèjì), Pinotage, Shiraz, kí Cabernet Sauvignon kádìí ẹ̀ (pupa ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta). Orúkọ àjàrà ni gbogbo wọn. Funfun ṣáájú pupa, èyí tó fúyẹ́ ṣáájú èyí tó wúwo. Tí ẹ bá máa fi wáìnì dídùn kún un, ìparí pátápátá ni kẹ́ ẹ gbé e sí, torí lẹ́yìn ṣúgà, gbogbo èyí tó bá tẹ̀ lé e á dà bí ọtí tó ti kan.

Pinotage yẹn, ẹ má fò ó. Gúúsù Áfríkà ni wọ́n ti ṣẹ̀dá àjàrà náà. Abraham Perold, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stellenbosch, ló so Pinot Noir pọ̀ mọ́ Cinsaut ní ọdún 1925. Hermitage ni wọ́n ń pe Cinsaut níbẹ̀ nígbà náà, ibẹ̀ ni ìparí orúkọ Pinotage ti wá.

Ti ìwọ̀n. Ìgò kan jẹ́ 750 ml. Tẹ́ ẹ bá bu 50 ml fún ẹnì kan, ìgò kan á ká èèyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ̀yin mẹ́fà tẹ́ ẹ máa mu, 300 ml ni ẹ máa lò nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣẹ́kù á wà fún ẹni tó bá fẹ́ bu sí i nígbà tí ẹ bá ń jẹun. Márùn-ún lọ́nà 50 ml jẹ́ 250 ml, ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò. Ojú kò ní rú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má wa ọkọ̀ wá. Ẹ fi omi dán ìwọ̀n náà wò nínú ife lọ́jọ́ tó ṣáájú, kí ojú yín mọ ibi tó ń dé.

Èyí tí mo tìtorí ẹ̀ wọlé síbí gan-an nìyí: ohun tó ń ba wáìnì jẹ́ nílùú wa ni oòrùn. Ẹ má ra ìgò tó ti ń yá oòrùn lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, bó ti wù kó dán tó. Ẹ ní kí wọ́n mú èyí tó ṣì wà nínú páálí wá láti ẹ̀yìn. Ẹ fi ọwọ́ kan kọ́ọ̀kì rẹ̀ láti òkè: tó bá ti yọrí sókè díẹ̀, tàbí tí nǹkan kan ń lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò, ooru ti sè é. Ẹ sì má sá fún ìgò onídèérí yíyí. Àwọn kan rò pé kọ́ọ̀kì nìkan ni wáìnì gidi. Rárá. Fún wáìnì tí a fẹ́ mu láìpẹ́, ìdérí yíyí gan-an ni mo fẹ́ràn, kì í jẹ́ kí òórùn páálí tí omi rin wọ̀ ọ́ bí kọ́ọ̀kì tó bàjẹ́ ṣe máa ń ṣe.

Àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ń mu tinú páálí, ẹ má bá wọn jà. Ẹ ra ọ̀kan síbẹ̀, ẹ da sínú ife bíi tàwọn yòókù. Kí ẹnu wọn fúnra rẹ̀ sọ fún wọn.

Kò Kàn Mí

Ẹ̀yin èèyàn yìí náà. 50 ml? Èyí tí bàbá mi ń ta sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra bíà, ẹ pa ewúrẹ́, ó tán.

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wọn wá. Ẹ̀yìnkùlé la máa gbé àga tiyín sí.

Alásè Ìjẹ̀bú

Ọ̀rọ̀ ata ló kàn mí. Àǹtí, ẹ pín in sí méjì: ìgbà tí ẹ ń tọ́ ọ wò, àti ìgbà tí ẹ bá ń jẹun. Ata kò gbọ́dọ̀ yọjú nínú èyí àkọ́kọ́ rárá. Ẹ se iṣu láìfi iyọ̀ sí i, ẹ gé e kéékèèké bí ìka, ẹ tò ó sínú àwo, kí omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Iṣu sísè ń nu ẹnu mọ́ ju búrẹ́dì lọ, torí búrẹ́dì ìlú wa, ṣúgà ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Nígbà oúnjẹ, ẹ rántí pé ọtí àti ata kì í sọ̀rẹ́. Bí ọtí inú wáìnì bá ṣe le tó, bẹ́ẹ̀ náà ni ata á ṣe máa jó tó. Pupa tó máa ń fún ẹnu pọ̀ tún burú sí i: ẹ fi Cabernet lé ọbẹ̀ òfadà, ẹ ó rí i pé iná ló máa jó lẹ́nu yín. Èyí tó ń bá ata lò ni funfun tó ní ṣúgà díẹ̀ nínú, tí ọtí rẹ̀ kò sì pọ̀. Ẹ wo Chenin tí wọn ò jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ gbẹ tán. Riesling, funfun ti Jámánì, náà máa ń bá a mu dáadáa, bí ẹ bá rí i.

Ẹran ló yẹ pupa. Súyà, ẹ sọ fún mállàm kó wé yàjì rẹ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀rá àti iyọ̀ ara ẹran ló máa ń mú kí pupa yẹn rọ̀ lẹ́nu. Pinotage tó ní èéfín díẹ̀ lára pẹ̀lú ẹran tó wá látorí iná, áà. Wàrà tí àwọn Fúlàní ń tà, ẹ má dín in, ẹ má fi ata sí i, ẹ gé e tútù bẹ́ẹ̀ fún Chenin. Èmi ò rí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe èyí kí n bá a dúpẹ́. Èmi nìkan ló ṣèèṣì bá a pàdé nínú fìríìjì mi.

Elẹ́mu Abà

Ẹ ti dé Paris, ẹ ti dé Gúúsù Áfríkà, ẹ ò tíì dé ẹ̀yìn ilé. Bó bá jẹ́ ti ká kó ọtí jọ ká tọ́ ọ wò ni, ẹmu ńkọ́? Bàbá mi dá ẹmu títí agbára fi tán. Mo máa fún yín ní kókó méjì tí kò sí nínú ìwé òyìnbó.

Àkọ́kọ́, ẹ mu ẹmu kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ kan. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ dùn bí omi ìrèké, ọtí inú rẹ̀ kò tíì tó nǹkan. Lọ́sàn-án ó ti ń hó, ó ti ń ta ahọ́n. Lálẹ́ ó ti le, ó ti kan, àwọn àgbà tí wọn ò fẹ́ èyí dídùn á wá sún mọ́ ọn. Tó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń lọ sọ́nà fínígà. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan sí i. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú agbè ló ń jẹ ṣúgà rẹ̀.

Ìkejì, ẹ fi ẹmu ọ̀pẹ kojú ògùrọ̀. Ẹ̀yin ará ìlú ńlá ń pe méjèèjì ní pámù wáìnì bí ẹni pé ìyá kan ló bí wọn. Igi ògùrọ̀ tó ń gbé nínú àbàtà ló ni ògùrọ̀, ọ̀pẹ ló ni ẹmu. Ọ̀pẹ tí a dá lóòró lè gbé e, kó tún máa so ẹyìn. Ògùrọ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń tanná láyé rẹ̀. Tí a bá ti dá a tán, ó kú nìyẹn.

Tí ẹ bá rà á, ẹ má dé e pinpin. Gáàsì inú rẹ̀ kì í sinmi. Èyí tó bá sì dùn lálẹ́ bó ṣe dùn láàárọ̀, ẹ sá fún un, omi àti saccharin, ṣúgà àtọwọ́dá, ni wọ́n fi lú u.

Àǹtí Akóbọ̀

Ẹ ṣé, ẹ ṣé. Bàbá Elẹ́mu, mo ti fi tiyín kún un, yóò jẹ́ ìgò kẹfà. Mo ti mú Gúúsù Áfríkà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù báyìí ni ọ̀rọ̀ sísọ. Mo ka ẹ̀yìn ìgò kan lónìí, ó ní ó ń rùn bí blackcurrant, ó ní gooseberry, èso ilẹ̀ òyìnbó. Mi ò rí gooseberry rí láyé mi. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ní kí àwọn èèyàn gbọ́ òórùn rẹ̀? Wọ́n á kàn máa parọ́ fún ara wọn.

Olùkọ́ Ògbómọ̀ṣọ́

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù lórí ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, àbúrò mi. Ní ọdún 1984, Ann Noble, olùkọ́ ní Yunifásítì Kalifóníà ní Davis, ya àwòrán kan bí àgbá kẹ̀kẹ́, tó pín òórùn wáìnì sí ẹ̀ka-ẹ̀ka: èso, òdòdó, ewé, igi, ilẹ̀. Ohun tó ń wá ni kí àwọn èèyàn sọ ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn lè dá mọ̀, dípò "ó jọ mí lójú". Èso ilẹ̀ tirẹ̀ ló tò sínú rẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ò ní to tiyín?

Ẹ wá àwo kékeré bíi mẹ́jọ. Ẹ to nǹkan wọ̀nyí sórí tábìlì kí wọ́n tó dé: gúáfà tí kò tíì pọ́n, ọsàn wẹ́wẹ́ tí a là, ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n dáadáa, tàtàṣé tútù tí a gé sí méjì, ata iyẹ̀rẹ̀ tí a fọ́ díẹ̀, èso kòkó gbígbẹ tí a yan, àti àgbálùmọ̀, torí òun ló wà lóde báyìí. Kí ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ òórùn wáìnì padà sí orí àwo, kó gbọ́ tibẹ̀, kó wá sọ.

Kì í ṣe eré lásán. Ohun tó ń mú kí Cabernet máa rùn bíi tàtàṣé tútù wà nínú tàtàṣé gan-an, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń pè é ní pyrazine. Èyí tó ń mú kí Shiraz ta imú bí ata dúdú, tí wọ́n ń pè ní rotundone, wà nínú ata dúdú. Ata iyẹ̀rẹ̀ tiwa sì jẹ́ ọmọ ìyá ata dúdú. Pinotage mìíràn máa ń rùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, Sauvignon Blanc máa ń rùn bíi gúáfà àti koríko tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé. Ẹ ò ní láti parọ́.

Ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ méjì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: kíkan àti fífún. Kíkan ni ti àgbálùmọ̀ àti ìyeyè, ó ń pe itọ́ wá sẹ́nu. Fífún ni ti èso kajú àti obì tútù, ó ń lé itọ́ lọ, ó ń mú ahọ́n gbẹ. Funfun ló sábà ń kan, pupa ló sábà ń fún. Ẹni tó bá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ ti já ohun tó le jù.

Ẹ sì pàṣẹ pé kí gbogbo ẹnu dákẹ́ fún ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí ẹ bá bu ún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ "òdòdó" ti ba ti gbogbo yín jẹ́. Kí kálukú kọ tirẹ̀ ná. Ojú náà ń tan ẹnu: wọ́n gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2001, ní Bordeaux, níbi tí wọ́n ti po àwọ̀ pupa mọ́ wáìnì funfun fún akẹ́kọ̀ọ́ 54. Ọ̀rọ̀ tí à ń lò fún wáìnì pupa ni wọ́n fi ṣàpèjúwe rẹ̀.

Ó kù díẹ̀. Òórùn ni iṣẹ́ yìí. Ẹ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má fín lọ́fínńdà. Kò gbọdọ̀ sí kọ́ìlì ẹ̀fọn, kò gbọdọ̀ sí tùràrí. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Ẹ fi omi gbígbóná ṣan ife kí òórùn ọṣẹ kúrò. Aṣọ funfun tí ẹ bá fẹ́ tẹ́ sórí tábìlì, ẹ sá a sóòrùn láti ọjọ́ méjì ṣáájú. Gbogbo wa la mọ̀ pé káńfọ̀ ló wà nínú àpótí aṣọ àwọn ìyá wa.

Bàbá Ínfátà

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe, kì í ṣe ti wáìnì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ títutù kan mí. Tí wọ́n bá ní kí pupa wà ní "ìwọ̀n inú ilé", ilé tiwọn ni wọ́n ń sọ. 15 sí 18 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni wọ́n ń fẹ́. Pálọ̀ yín ní Akóbọ̀ lè tó 30. Nítorí náà, ẹ gbé pupa pàápàá sínú fìríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó ṣí i. Funfun, kó wà níbẹ̀ láti àárọ̀, 8 sí 12 ló dára sí.

Ẹ má gbọ́kàn lé fìríìjì o. Ẹ ra yìnyín sínú kúlà. Ẹ da omi sí i kó bo ìgò dé ọrùn, ẹ bu iyọ̀ bí ẹ̀kúnwọ́ méjì sínú rẹ̀. Yìnyín nìkan kì í fọwọ́ kan gbogbo ara ìgò; omi ló ń fọwọ́ kàn án, iyọ̀ sì ń mú omi náà tutù kọjá ibi tó yẹ kó ti dì. Nǹkan bíi ogún ìṣẹ́jú, ó ti tán.

Ọmọ Alhaja

Ọ̀rẹ́ yín tí kì í mutí, ẹ má gbé mílò síwájú rẹ̀ bí ọmọdé. Ẹ ṣe ìtọ́wò mìíràn fún òun àti aboyún yẹn, kí ó ní kókó tirẹ̀. Sóbò mẹ́ta: ọ̀kan tó jẹ́ ewé rẹ̀ nìkan, ọ̀kan tí ata ilẹ̀ àti kànáfùrù wà nínú rẹ̀, ọ̀kan tí ẹ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó sè. Ife kan náà, nọ́ńbà kan náà, ìbọ̀sẹ̀ kan náà. Sóbò ń kan, ó sì ń fún díẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí Olùkọ́ sọ ló bá a mu. Ẹ sì bi ọ̀rẹ́ yín bóyá ó máa fẹ́ ṣe akọ̀wé: òun nìkan ló máa mọ ohun tó wà nínú ìbọ̀sẹ̀ wo.

Àǹtí Akóbọ̀

Mo kàn fẹ́ bi yín, títutọ́ yẹn ńkọ́? Wọ́n ní àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í gbé e mì.

Ará Leeds

Ẹ fún kálukú ní kọ́ọ̀pù páálí tí a ò lè rí inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì rí ọmọ Yorùbá tó máa fara balẹ̀ tutọ́ níwájú oúnjẹ. Ẹ bu ú kéré, ìyẹn ló rọrùn jù.

Àǹtí Akóbọ̀

Mo ti dé o! A ti ṣe é lánàá. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ. Kò kàn mí. Kúlà Bàbá Ínfátà ti ń ṣiṣẹ́, a sì jókòó sí bàràǹdà kí jẹnẹrétọ̀ má bàa rùn mọ́ wa. Aṣọ orí tábìlì, mo sá a lóòrùn ní ọjọ́ mẹ́ta, síbẹ̀ ẹnì kan ṣì ní ìgò kìíní ń rùn bí àpótí ìyá òun.

Ìṣẹ́jú méjì ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló le jù. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kò lè dákẹ́ níbi ìsìnkú, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ níbi ọtí. Ìgbà kẹta ni wọ́n tó mú un. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ohun tí wọ́n kọ sí Pinotage, mẹ́rin nínú mẹ́fà ló kọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ọ̀kan sì kọ "dòdò tó ti fẹ́ jóná". Mo pariwo.

Imú tó mú jù ni ti aboyún. Kò mu ẹ̀kán kan, ó kàn ń gbóòórùn. Ó gbé ìgò kẹrin sí imú, ó nawọ́ sí àwo ata iyẹ̀rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ó gbé ìkarùn-ún, ó nawọ́ sí tàtàṣé. Ọ̀rẹ́ mi Mùsùlùmí tó jẹ́ akọ̀wé wo ìwé rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

Chenin ló gba ipò kìíní, òun sì ni owó rẹ̀ kéré jù. Cabernet tí mo fi owó ńlá rà ló gbẹ̀yìn. Ẹ̀bi mi ni, mo jẹ́ kí ẹnì kan gbé àsun jáde kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Alásè Ìjẹ̀bú ti sọ ọ́. Tinú páálí, ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ jù tẹ́lẹ̀ ló kọ "ògùn ikọ́ ọmọdé" sí i. Nígbà tí a ṣí ìbọ̀sẹ̀, ó ní a ti pààrọ̀ rẹ̀.

Àwo àgbálùmọ̀ kò pẹ́ rárá. Ìgò kejì la wà tí wọ́n ti jẹ ẹ́ tán. Ẹ ra méjì o, ọ̀kan fún gbígbóòórùn, ọ̀kan fún àwọn tí kò lè dúró.

Ẹmu, ẹ má bi mí. Ọ̀rẹ́ mi tó ń bọ̀ láti Ìkirè ló ní òun á rà á. Ó rà á láàárọ̀, ó dé ìdérí kẹ́ẹ̀gì yẹn bí ẹni ń de olè, ó sì gbé e sínú bútù nínú oòrùn. Ibi gíga Aséjìrẹ́ ló ti gbọ́ "gbòà!", ó rò pé táyà ni. Ife méjì péré ló kù nígbà tó dé. Ife méjì náà dùn gan-an, ó ti ń hó, a pín in ṣíbí-ṣíbí bí oògùn.

Ìbéèrè méjì ló kù. Wáìnì pupa tó ṣẹ́kù, ọjọ́ mélòó ni mo lè fi pa mọ́? Báwo la ṣe lè mú òórùn ẹmu kúrò nínú bútù?

Ìyá Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ dé e padà, kó wà nínú fìríìjì ní òòró, ẹ mu ún láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ fi se ẹran. Ẹ dín ata rẹ̀ kù.

Elẹ́mu Abà

Mo sọ àbí n ò sọ? Ẹ yọ kápẹ́ẹ̀tì inú bútù yẹn síta, ẹ fọ̀ ọ́ lónìí kí ó tó di fínígà. Lọ́jọ́ kejì, kòkòrò tó máa bẹ̀ yín wò á ti pọ̀ ju àlejò yín lọ.

Kò Kàn Mí

Èwo lẹ tún fẹ́ ṣe lóṣù tó ń bọ̀? Mo kàn ń bèèrè ni.